Fóòmù Nínú, Ṣúgà Lóde: Owó Tó Yẹ Ká Gbà Lórí Kéèkì Dọ́mì

Kò sí oníkéèkì kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní Èkó, Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta tí ìyá ìyàwó kan kò tíì bi ní ìbéèrè yìí: "Àǹtí, ṣebí fóòmù lásán ló wà nínú ìpele méjì yẹn? Kí ló wá dé tówó ẹ̀ ṣì fi pọ̀ tó báyìí?" Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Ẹni tó ń náwó ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tó ń sanwó lé lórí. Èyí tó ń dùn mí ni pé èsì tí wọ́n máa ń rí gbà kì í sábà nítumọ̀. Oníkéèkì kan á ní ìdajì owó kéèkì gidi lòun ń gbà, nítorí pé bẹ́ẹ̀ lọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ ṣe ń ṣe é. Òmíràn á ní iye kan náà ni, iṣẹ́ kan náà ṣáà ni. Ẹlòmíràn á fi ìpele fóòmù kan ṣe ẹ̀bùn kí iṣẹ́ má baà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń méfò. Owó dọ́mì ṣeé ṣírò, ẹni tó bá sì ṣírò rẹ̀ dáadáa yóò rí i pé ohun tí fóòmù ń dín kù lára owó kéèkì kì í ṣe ìdajì, kì í ṣe ìdá mẹ́ta, kì í ṣe ìdá kankan rárá. Iye owó kan pàtó ni. Bí ìpele náà ṣe tóbi tó ló ń pinnu rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀ kò sì lè yí i padà.

Dọ́mì ni ìpele tí kò ní kéèkì nínú. Fóòmù funfun ni, irú èyí tí wọ́n fi ń há tẹlifíṣàn àti firíìjì mọ́ inú páálí kí wọ́n má baà fọ́. Wọ́n á gé e róbótó tàbí onígun mẹ́rin, wọ́n á sì fi fọ́ńdáǹtì, ìyẹn ṣúgà pípò tí wọ́n tẹ́ pẹlẹbẹ, bò ó bí wọ́n ṣe ń bo kéèkì gidi gan-an. Afẹ́fẹ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kún inú fóòmù yìí tán, ìdí nìyẹn tí ọmọdé fi lè fi ọwọ́ kan gbé ìpele ńlá. Ẹni tó bá dúró lọ́ọ̀ọ́kán kò lè mọ ìyàtọ̀. Kéèkì onípele márùn-ún tàbí mẹ́fà tí à ń rí níwájú họ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé, lọ́pọ̀ ìgbà, ìpele kan tàbí méjì péré ló ṣeé jẹ nínú rẹ̀.

Àwọn kan máa ń fojú ẹ̀tàn wò ó, bí ẹni pé àwọn oníkéèkì ayé ìsinsìnyí ló hùmọ̀ rẹ̀ láti fi gbowó lọ́wọ́ èèyàn. Ààfin ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àṣà náà ti gbilẹ̀. Nígbà tí àkọ́bí Ọbabìnrin Victoria ṣègbéyàwó lọ́dún 1858, ìsàlẹ̀ nìkan ló jẹ́ kéèkì lára kéèkì gogoro tí wọ́n gbé síwájú àlejò. Ṣúgà lásán ni wọ́n fi mọ àwọn ti òkè. Ó di 1882, nígbà ìgbéyàwó Leopold, ọmọ ọbabìnrin kan náà, kí wọ́n tó gbé èyí tí gbogbo ìpele rẹ̀ ṣeé jẹ jáde. Nígbà tó yá, Ogun Àgbáyé Kejì dé. Láti 1940 títí di 1953 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń wọn ṣúgà fún aráàlú, ọdún 1940 yẹn náà ni wọ́n sì fòfin de fífi áísìn ṣúgà bo kéèkì tí wọ́n bá fẹ́ tà. Àwọn tó ń ṣègbéyàwó wá ń háyà ìdérí tí wọ́n fi páálí tàbí píópì mọ. Wọ́n á gbé e bo kéèkì kékeré kan mọ́lẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì dá ìdérí náà padà fún ẹni tó ni ín. Háyà dọ́mì kì í ṣe ọgbọ́n àná.

Lọ́dọ̀ tiwa, ojú ni kéèkì ìgbéyàwó kọ́kọ́ ń bọ́ kó tó kan ẹnu. Wọ́n á gbé e síbi tí gbogbo họ́ọ̀lù ti lè rí i, ayafọ́tò á yí i po, nígbà tí àsìkò gígé bá sì tó, ẹni tó ń darí ètò á pe tọkọtìyàwó síwájú. Ní ọ̀pọ̀ ìgbéyàwó onígbàgbọ́, yóò ní kí gbogbo èèyàn máa pe lẹ́tà orúkọ Jésù bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, lọ́kọ̀ọ̀kan, orí S tó kẹ́yìn sì ni ọ̀bẹ yóò ti wọ kéèkì. Ìyàwó á kúnlẹ̀, á fi díẹ̀ sí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu, ọkọ náà á bọ́ ọ padà, ìlù á dún. Gbogbo ètò yìí kò nílò ju ègé kan lọ. Àlejò tó jókòó sídìí àmàlà tàbí ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù kì í dúró de kéèkì kó tó gbà pé òun jẹun. Wọ́n á gé èyí tó ṣẹ́kù sí wẹ́wẹ́, wọ́n á dì í fún ẹbí ọkọ, ẹbí ìyàwó, pásítọ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Fún irú ìnáwó bẹ́ẹ̀, ìpele gidi méjì tó dára ti tó. Gíga nìkan ni wọ́n ń wá lára ìyókù.

Ooru ilẹ̀ wa náà tún wà níbẹ̀. Fọ́ńdáǹtì máa ń làágùn bó bá ti inú yàrá tútù bọ́ sínú afẹ́fẹ́ Èkó tó kún fún ọ̀rinrin. Kéèkì gidi tó bá sì wọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Ìkòròdú dé Lẹ́kí lọ́sàn-án gangan lè là, ó sì lè tẹ̀. Fóòmù kò ní irú ìṣòro yìí. A lè parí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ ìnáwó, kí ọwọ́ lè dilẹ̀ fún kéèkì gidi ní Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì. Ewu pé ìpele kan lè jóná, pé àárín rẹ̀ lè rì, pé ó lè wó lójú ọ̀nà, kò sí lórí dọ́mì. Ẹni tó bá ń fi owó díẹ̀ lé kéèkì gidi nítorí ewu kò gbọ́dọ̀ fi lé ti fóòmù. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ni ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́, ṣùgbọ́n òdodo ni, ó sì yẹ kí oníbàárà jàǹfààní rẹ̀.

Níbi iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Télọ̀ kì í dín owó ìránṣọ kù nítorí pé aṣọ tí a gbé wá bá a kò wọ́n. Bó ṣe máa gé ọrùn àǹkárá náà ló ṣe máa gé ti léèsì. Bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́ńdáǹtì kò mọ ohun tó wà lábẹ́ òun. Ìpele tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 10 ń jẹ fọ́ńdáǹtì tó tó kílò kan, ìbáà jẹ́ kéèkì ló wà nínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ fóòmù. Òdòdó ṣúgà tí wọ́n ń tẹ́ ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń fi wáyà so, tí wọ́n ń sá kó gbẹ kí wọ́n tó kùn ún, kò yá láti ṣe nítorí pé ara dọ́mì ló ń lọ.

Fóòmù tún ní iṣẹ́ tirẹ̀ tí kéèkì kò ní. Wáyà gbígbóná ni wọ́n fi ń gé e kí ara rẹ̀ lè dán, torí ọ̀bẹ máa ń jẹ ẹ́ wúruwùru. Èéfín tó ń jáde lára rẹ̀ nígbà náà kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà ẹni tó ń gé e gbọ́dọ̀ ṣí fèrèsé sílẹ̀. Bí wọ́n bá gé e tán, wọ́n á fi sáńpépà ha etí òkè rẹ̀, nítorí pé etí fóòmù mú, ó sì lè ya fọ́ńdáǹtì tí a bá tẹ́ lé e. Wọ́n á nu gbogbo ẹ̀rún funfun kúrò lára rẹ̀, wọ́n á fi omi tàbí ọ̀rá díẹ̀ pa á kí fọ́ńdáǹtì lè gbá a mú. Bọ́tà tí a fi ń pa kéèkì gidi lára máa ń dí ihò rẹ̀. Kò sí irú bọ́tà bẹ́ẹ̀ lára fóòmù, nítorí náà gbogbo kòtò ló máa hàn. Bó ṣe fúyẹ́ náà tún jẹ́ wàhálà. Lábẹ́ kánópì, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ti tó láti gbé e ṣubú. A gbọ́dọ̀ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó tó wúwo, ká sì fi ọ̀pá kan gún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí kéèkì gidi bá máa jókòó lé e lórí, pàápàá kéèkì eléso tó wúwo, a gbọ́dọ̀ fi pákó pẹlẹbẹ sáàárín àwọn méjèèjì kí kéèkì má baà tẹ fóòmù wọ inú.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Àpẹẹrẹ ni àwọn iye tí mo fẹ́ lò yìí, kì í ṣe owó ọjà. Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún ọdún 2023, tí náírà sì já wálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, iye fùláwà, ẹyin àti bọ́tà tí èèyàn bá kọ lónìí lè má dúró dé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ fi iye tiyín rọ́pò wọn.

Ká mú ìpele kan tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 10, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 5. Ká sọ pé fùláwà, bọ́tà, ẹyin, ṣúgà àti èròjà amóúnjẹ-ta-sánsán rẹ̀ jẹ́ ₦18,000. Gáàsì àti epo jẹnẹrétọ̀ jẹ́ ₦4,000, fọ́ńdáǹtì ₦8,000, èròjà ẹ̀ṣọ́ ₦5,000, pákó àti páálí ₦3,000. Oníkéèkì náà ka wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ sí ₦2,000. Ó lo wákàtí mẹ́ta lórí pípo, yíyan àti pípa bọ́tà sí i lára, ó lo márùn-ún lórí ẹ̀ṣọ́: owó ọwọ́ jẹ́ ₦16,000. Àpapọ̀ ìnáwó jẹ́ ₦54,000. Ó fi èrè ₦6,000 lé e, ó ta ìpele náà ní ₦60,000.

Ẹ sọ ìpele náà di fóòmù. ₦18,000 ti inú kéèkì lọ pátápátá. Gáàsì àti epo wá sí ₦1,000, nítorí iná tí a ó fi ríran ṣiṣẹ́ ṣì wà. Wákàtí mẹ́ta yíyan lọ, ₦6,000 nìyẹn. Ohun tó bọ́ lẹ́rù wa jẹ́ ₦27,000. Àmọ́ fóòmù fúnra rẹ̀ wọlé, ká pè é ní ₦5,000, wákàtí kan tí a fi ha á, tí a fi lẹ̀ ẹ́, jẹ́ ₦2,000. Ohun tó dín kù gan-an jẹ́ ₦20,000. Dọ́mì yìí ń ná oníkéèkì ní ₦34,000, bó bá sì fi èrè kan náà lé e, ₦40,000 ló yẹ kó gbà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta owó kéèkì gidi nìyẹn, àwọn tó ń tà á ní ìdajì sì ti pàdánù gbogbo èrè wọn àti ₦4,000 lé e.

Ẹnì kan lè wá sọ pé: ó dáa, láti òní lọ, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni. Rárá o. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ká ní ìyàwó fẹ́ òdòdó ṣúgà tó ṣàn láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí ẹ̀ṣọ́ fi gba wákàtí 15 dípò márùn-ún, tí èròjà rẹ̀ sì fi ₦10,000 lé sí i. Kéèkì gidi di ₦90,000. Dọ́mì di ₦70,000. Ohun tí fóòmù dín kù ṣì jẹ́ ₦20,000 náà, ṣùgbọ́n ó ti di nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún péré. Ká tún ní ìpele náà funfun báláú, láìní nǹkan kan lára, iṣẹ́ wákàtí méjì: kéèkì gidi jẹ́ ₦49,000, dọ́mì jẹ́ ₦29,000. Ogún ẹgbẹ̀rún kan náà ló tún dín, àmọ́ ó ti lé díẹ̀ ní ìdá méjì nínú márùn-ún owó. Ẹni tó bá di ìdá kan mú fún gbogbo iṣẹ́ yóò máa jẹ gbèsè lórí iṣẹ́ tó lẹ́wà jù lọ, yóò sì máa rẹ́ oníbàárà jẹ lórí èyí tó rọrùn jù lọ. Èsì tó yẹ ìyá ìyàwó wá rọrùn láti sọ: "Mọ́mì, iye fùláwà, ẹyin àti yíyan rẹ̀ la yọ kúrò. Iye rẹ̀ rèé. Iṣẹ́ ọwọ́ ló kù."

Títóbi ìpele ló kù tí a ní láti wò, èmi ò sì tíì rí oníbàárà tí wọ́n ṣàlàyé èyí fún. Inú kéèkì ń yára tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Ẹ fi ìpele íǹṣì 14 wé ti íǹṣì 6, kí gíga àwọn méjèèjì jẹ́ 5. Ara tí fọ́ńdáǹtì yóò bò lórí èyí tó tóbi fi ìlọ́po mẹ́ta ju ti kékeré lọ. Ìpo kéèkì tó máa kún inú rẹ̀ ju ìlọ́po márùn-ún lọ. Nítorí náà, bí a bá sọ ìpele ńlá di fóòmù, owó tó ń bọ́ kúrò pọ̀ gan-an. Bí a bá sọ ti kékeré òkè di fóòmù, ohun tó ń dín kù fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó owó tí a fi ra fóòmù. Mo ti rí ìwé iye owó tí wọ́n ti kọ ìpele íǹṣì 14 sí kéèkì gidi, tí wọ́n wá fi íǹṣì 6 àti 8 ṣe dọ́mì "kí owó lè wálẹ̀". Òdìkejì rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ṣe, bí àlejò tó máa jẹ kéèkì kò bá pọ̀. Kí ìsàlẹ̀ jẹ́ fóòmù, kí ìpele àárín kan tí tọkọtìyàwó lè nawọ́ sí jẹ́ gidi fún gígé, kí ti òkè pátápátá náà jẹ́ gidi bí wọ́n bá fẹ́ gbé e lọ sílé. Fóòmù tí a fi pákó àti ọ̀pá tì lẹ́yìn lè gbé ẹrù yẹn.

Ní Amẹ́ríkà, iye ègé ni ọ̀pọ̀ oníkéèkì fi ń díye lé kéèkì: ègé kan jẹ́ iye báyìí, ẹ sọ iye àlejò yín. Ọ̀nà yìí ń ṣiṣẹ́ títí dìgbà tí ẹnì kan bá béèrè dọ́mì, nítorí fóòmù kò ní ègé kankan tí a lè kà. Àwọn kan níbẹ̀ á ka ègé tí ìpele náà ì bá ní ká ní kéèkì ni, wọ́n á sì gba ìdá kan lórí rẹ̀, tó túmọ̀ sí pé wọ́n tún padà sínú ọ̀fìn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé. Wọ́n ní àṣà mìíràn tó ti wọ ọ̀dọ̀ wa náà: wọ́n á gbé kéèkì gogoro tó jẹ́ fóòmù síwájú, wọ́n á yan kéèkì pẹlẹbẹ tí kò ní ẹ̀ṣọ́ pamọ́ sí kíṣìnì, òun ni wọ́n á gé fún àlejò. Àwọn èèyàn rò pé owó ni ọ̀nà yìí ń fi pamọ́. Ẹ padà sí àpẹẹrẹ wa. Dọ́mì dín ₦20,000 kù. Bí ẹ bá tún ní kí wọ́n yan kéèkì kíṣìnì tó jẹ́ ìwọ̀n kan náà, ₦27,000 ti èròjà, iná àti yíyan padà wọlé. Ẹ ti fi ₦7,000 kọjá iye tí ìpele gidi ì bá gbà. Bí kéèkì kíṣìnì bá kéré dáadáa ju ìpele tí fóòmù gba ipò rẹ̀ nìkan ni owó ń wálẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo àlejò jẹ kéèkì, kó ṣe kéèkì gidi, kó sì fi ọkàn balẹ̀ pé kò fowó ṣòfò.

Háyà ní ìṣirò tirẹ̀. Bí dọ́mì bá máa padà sọ́dọ̀ oníkéèkì, kò yẹ kí ẹni àkọ́kọ́ san gbogbo owó tí a fi ṣe é. Ẹ mú ₦34,000 tí ó ná yín, kí ẹ pín in sí iye ìgbà tí ẹ rò pé yóò jáde kó tó gbó. Bí ẹ bá rò pé ó lè jáde lẹ́ẹ̀marùn-ún, ₦6,800 ni ìpín ìnáwó kan. Ẹ fi owó àtúnṣe lé e, nítorí kò sí dọ́mì tó ń lọ sí òde tí kì í padà pẹ̀lú àpá ìka ọmọdé, ká sọ pé ₦3,000. Ìtọ́jú nílé jẹ́ ₦1,200. Bí èrè ₦4,000 bá tún wọ̀ ọ́, háyà náà jẹ́ ₦15,000, láìka ọkọ̀. Lórí ìdógò, èmi kò fara mọ́ àwọn tó ń gba gbogbo iye tí wọ́n ń ta dọ́mì. Fóòmù kì í sábà fọ́, awọ ara rẹ̀ ló ń bàjẹ́. Fọ́ńdáǹtì tuntun, èròjà ẹ̀ṣọ́ àti wákàtí márùn-ún ọwọ́ jẹ́ ₦23,000 nínú àpẹẹrẹ wa. Iye yẹn ni ìdógò tó tọ́, kí wọ́n sì dá a padà lọ́jọ́ tí dọ́mì bá wọlé láìní àpá.

Ìgbà márùn-ún tí a fi ṣírò yẹn dá lórí bí ilé ìkẹ́rù ṣe rí. Ṣúgà ni fọ́ńdáǹtì, èèrà, aáyán àti eku sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Eruku máa ń wọ̀ ọ́ lára, ọ̀rinrin máa ń mú un lẹ̀, oòrùn ojú fèrèsé sì máa ń ṣá àwọ̀ rẹ̀, pàápàá àwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́ àti àwọ̀ àlùkò. Nínú àpótí oníke tó ní ìdérí, nínú yàrá gbígbẹ tó ṣókùnkùn, ni kó wà. Àwọn kan máa ń fi píópì àti ọ̀dà ilé bo dọ́mì tí wọ́n ń fi ṣe àfihàn níwájú ṣọ́ọ̀bù, kó lè pẹ́. Kò burú fún ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fara kan kéèkì tí èèyàn máa jẹ láéláé. Bákan náà, ọnà tí ìyàwó kan sanwó kí wọ́n yà fún òun nìkan kò gbọ́dọ̀ jáde fún ẹlòmíràn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá fẹ́ máa háyà rẹ̀, ẹ sọ fún un kó tó sanwó, kí ẹ sì dín owó rẹ̀ kù.

Kéèkì ìdána ló máa ń da ìṣirò yìí rú jù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń béèrè kéèkì onígàngan, igbá tí wọ́n fín, kèǹgbè ẹmu, fìlà àti gèlè. Ọ̀bẹ kíṣìnì lásán lè gé kéèkì tútù sí àwòrán gàngan, kí ẹ̀rún rẹ̀ sì di ìpápánu fún àwọn ọmọ ilé. Fóòmù gba wáyà gbígbóná, sáńpépà àti sùúrù kí ìbàdí gàngan náà tó ṣe rẹ́gí, lẹ́yìn náà ni okùn ọṣán tí a fi fọ́ńdáǹtì lọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú irú iṣẹ́ báyìí, dọ́mì lè wọ́n ju kéèkì gidi lọ, kò sì yẹ kójú ti oníkéèkì láti sọ bẹ́ẹ̀. Kó ka wákàtí rẹ̀, kó fi han oníbàárà, kó jẹ́ kó yan èyí tó bá fẹ́. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Gàngan tó jọ gàngan náà, ọwọ́ ló pa á.

Ohunkóhun tí iye rẹ̀ bá jẹ́, ẹ kọ ọ́ sínú rìsíìtì ní ìpele kọ̀ọ̀kan: èyí jẹ́ gidi, èyí jẹ́ fóòmù, iye rẹ̀ rèé, ti oníbàárà ni tàbí háyà ni. Ẹ má ṣe kọ "kéèkì onípele márùn-ún" kí ẹ wá dákẹ́. Ìjà tí mo ti gbọ́ nípa dọ́mì, púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe lórí owó gan-an. Ẹbí ọkọ ló gbé ìpele kan lọ sílé tí wọ́n rò pé kéèkì ni, tí wọ́n gé e lójú àlejò, tí ìtìjú sì bá ìdílé méjì. Ẹ fi bírò kọ "DỌ́MÌ" sí abẹ́ pákó. Ẹ pe olórí àwọn tó ń pín oúnjẹ ní họ́ọ̀lù, kí ẹ fi ìpele gidi hàn án kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ háyà ni, oníkéèkì tàbí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló yẹ kó wá tú kéèkì náà lẹ́yìn fọ́tò, kí owó wákàtí tí wọ́n máa lò níbẹ̀ sì ti wà nínú iye tí wọ́n kọ. Bí ìyá ìyàwó bá yí ọkàn padà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tó ní òun fẹ́ gbé dọ́mì náà lọ sílé fún ìrántí, ẹ yọ ohun tó ti san fún háyà kúrò nínú iye tí ẹ ń ta dọ́mì, kí ẹ gba ìyókù láti inú ìdógò tó wà lọ́wọ́ yín, kó fi èyí tí kò bá pé kún un, kí ẹ sì jẹ́ kó máa gbé e lọ.